Róbótó, onígun púpọ̀, ìlà tàbí ọ̀nà tóóró: èwo ni kí ẹ fà sórí máàpù tí ẹ fi ń ṣọ́ ọkọ̀ òkun?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìgbà 41 ni fóònù mi dún láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló fà á. Ọkọ̀ agbépo ni, ó ti ju ìdákọ̀ró síwájú èbúté Èkó, kò sì lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n etí ààlà tí mo fà sórí máàpù gan-an ló dúró sí. Afẹ́fẹ́ ń tì í, ìṣàn omi ń fà á, ó ń yí lórí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Bó bá yí sọ́tùn-ún, sọ́fítíwià tí mo fi ń ṣọ́ ọkọ̀, tó ń ké sí fóònù mi bí ọkọ̀ bá ré ààlà kọjá, á ní ó ti wọlé. Bó bá yí sósì, á ní ó ti jáde. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, mo pa ohùn fóònù. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ mìíràn wọlé, èyí tí mo ń dúró dè láti ọjọ́ mẹ́ta. N kò gbọ́. Àwọn tó yẹ kí n pè kò rí ìpè mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Sọ́fítíwià yẹn kò jẹ̀bi. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Ààlà tí mo fà ni kò bá ìbéèrè tí mo ń bi òkun mu. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ ìbéèrè mi sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan máàpù: ọkọ̀ wo ni mo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ni mo fẹ́ mọ̀ pé ó ṣe, ta ni a ó jí lójú oorun nítorí rẹ̀? Ìdáhùn yẹn ló ń yan àwòrán. Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹ̀yin ajẹ́ǹtì ọkọ̀, ẹ̀yin tó ń dúró de ẹrù, ẹ̀yin tó ń bá ẹgbẹ́ apẹja ṣiṣẹ́, àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Omi Èkó àti etí òkun tiwa ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo mọ̀.

Àmì tí ẹ ń rí kì í ṣe ọkọ̀

Ohun tó wà lójú máàpù yín kì í ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ìròyìn tí ẹ̀rọ AIS inú ọkọ̀ ń kéde lórí rédíò VHF ni, lójú ìgbì méjì, 161.975 àti 162.025 MHz. SOLAS, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ló sọ ẹ̀rọ náà di dandan fún ọkọ̀ tó bá tó 300 gross tonnage (ìwọ̀n bí inú ọkọ̀ ṣe tóbi tó) tó ń ré kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, fún ọkọ̀ akẹ́rù tó bá tó 500 bó tilẹ̀ jẹ́ omi ilé ló ń rìn, àti fún ọkọ̀ akérò, ńlá àti kékeré. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, ẹ̀rọ Class A, irú èyí tó wà nínú àwọn ọkọ̀ ńlá, ń kéde ibi tó wà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 10. Bó bá ti dákọ̀ró, ó di ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 3. Nọ́ńbà MMSI oní-díjíìtì 9 ni ọkọ̀ fi ń dárúkọ ara rẹ̀: ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 657, ti Benin pẹ̀lú 610, ti Togo pẹ̀lú 671.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nínú èyí. Èkínní, ibi tí áńtẹ́nà GPS wà lára ọkọ̀ ni àmì náà dúró fún. Lára ọkọ̀ agbépo, ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà, lókè ilé ìwakọ̀. Bí ọkọ̀ bá gùn ní mítà 270, imú rẹ̀ lè ti wọ inú ààlà yín tipẹ́ kí àmì rẹ̀ tó wọ̀ ọ́.

Èkejì, ẹni tó ń gbọ́ ìkéde náà. Bí áńtẹ́nà yín lórí ilẹ̀ bá ga ní mítà 30, tí ti ọkọ̀ náà sì ga tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí máìlì òkun 24 ni wọ́n lè gbọ́ ara wọn dé, nítorí pé ayé yí róbótó, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì bo ìgbì náà mọ́lẹ̀. (Máìlì òkun kan jẹ́ mítà 1,852.) Lẹ́yìn ibẹ̀, sátẹ́láìtì ló kù, ìròyìn sátẹ́láìtì sì lè já fún ìgbà pípẹ́ láàárín àmì kan sí èkejì. Ààlà tó ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́nu èbúté lè di asán ní máìlì 80 sójú òkun, kì í ṣe pé ẹ fà á ṣì, etí tó ń gbọ́ ni kò sí níbẹ̀.

Róbótó àti onígun púpọ̀

Róbótó yá fà. Ẹ tẹ àárín, ẹ sọ bó ṣe fẹ̀ tó, ó parí. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ń sá tọ̀ ọ́, òun náà ló sì ń kó wàhálà bá wọn jù.

Ẹ wo Àpápá. Ẹ tẹ àárín èbúté náà, ẹ ní kó fẹ̀ ní máìlì òkun 2 láti àárín dé etí. Èbúté Tin Can tó wà nítòsí ti bọ́ sínú rẹ̀. Marina ti bọ́ sínú rẹ̀. Ojú omi tí àwọn tọ́ọ̀gì (ọkọ̀ kékeré tó ń fa ọkọ̀ ńlá) àti ọkọ̀ akérò ń gbà lójoojúmọ́ ti bọ́ sínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Tin Can á mú kí ìkìlọ̀ "ó ti dé Àpápá" dún, oníbàárà yín á sì rán mọ́tò lọ síbi tí ẹrù rẹ̀ kò sí. Onígun púpọ̀ ló yẹ ibẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé etí omi tí ọkọ̀ ń sún mọ́, tí kò sì fẹ̀ ju ìwọ̀n ọkọ̀ méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Igun mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Mo ti rí ẹni tó fi igun ọgọ́rin tẹ̀ lé gbogbo kọ̀rọ̀ ọ̀sà. Kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ tún un ṣe, ó gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ igun náà ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Bí ìlà kan bá gba orí ìkejì kọjá, ààlà náà á lọ́ mọ́ra bí ọrùn aṣọ tí a fún, inú àti ìta rẹ̀ á dàrú mọ́ sọ́fítíwià lójú.

Ibi tí róbótó ti borí ni ibi tí nǹkan kan bá wà láàárín tí ọkọ̀ ń yí po. Lójú òkun níwájú Lẹ́kkí, àwọn bọ́ì ńlá, ohun tó ń léfòó lórí omi, wà tí ọkọ̀ agbépo tó ń bá ilé ìfọpo Dangote ṣòwò ń so mọ́, páìpù abẹ́ òkun ló so wọ́n pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Kò sí onígun tó lè bá irú ibẹ̀ mu tó róbótó, nítorí pé ọkọ̀ tó so mọ́ bọ́ì máa ń yí síbi tí afẹ́fẹ́ bá kọ ojú rẹ̀ sí, yípo-yípo. Àdéhùn òfin òkun ti 1982 fàyè gba orílẹ̀-èdè láti fi ààlà ààbò tí kò ju mítà 500 lọ yí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ká. Ẹ lè fi mítà 500 yẹn ṣe róbótó kan tí yóò ké sí yín bí àjèjì ọkọ̀ bá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òun kan náà mọ ìgbà tí ọkọ̀ tiyín ti so. Ẹ ka gígùn okùn ìsokọ̀, ẹ ka gígùn ọkọ̀, ẹ rántí pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àmì wà: ó ti ń sún mọ́ etí mítà 500 náà. Ìyàtọ̀ kékeré lára GPS ti tó láti sọ pé ọkọ̀ tó so pinpin ti jáde. Róbótó méjì ni mo ń fà síbẹ̀, ọ̀kan nínú ìkejì: mítà 500 fún àjèjì, máìlì òkun 1 fún tiwa.

Ibùdó ìdákọ̀ró ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀. Shackle ni àwọn atukọ̀ fi ń ka ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró, mítà 27.5 sì ni ọ̀kan. Bí ọkọ̀ onímítà 200 bá tú shackle 6 sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n di mítà 165. Ẹ fi gígùn ọkọ̀ kún un, ó di 365. Ẹ̀wọ̀n kì í nà gbọnrangandan, nítorí náà ó máa ń dín díẹ̀. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ náà bá yí po tán, àmì ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya róbótó tó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 700 láti etí kan dé ìkejì. Mo rò pé ọkọ̀ tó dákọ̀ró dúró sójú kan ni, mo sì fa ààlà mi gba àárín ibi tó ń yí.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé n kì í fa ààlà ibùdó ìdákọ̀ró lọ́jọ́ kìíní rárá. Mo máa ń jẹ́ kí àmì àwọn ọkọ̀ wà lójú máàpù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ipa wọn hàn. Ibi tí wọ́n ń dúró sí á yọ fúnra rẹ̀: òbìrí kéékèèké tó pọ̀ jọ, bí ibi tí adìyẹ ti ń tàn. Ìgbà náà ni mo ń fa onígun púpọ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká, tí mo sì ń sún ìlà náà síta ní ìdajì máìlì òkun. Ibi tó wà lórí máàpù ìwé lè yàtọ̀ sí ibi tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́ràn láti dúró sí. Ibi tí wọ́n dúró sí ni ẹ fẹ́ mọ̀.

Ìlà lẹ́nu èbúté

Ọkọ̀ tó ń lọ sí Àpápá tàbí Tin Can gbọ́dọ̀ gba àárín ògiri òkúta méjì kọjá, East Mole àti West Mole, kó tó wọ Commodore Channel, ọ̀nà omi tó wọ inú ọ̀sà. Ẹnu ọ̀nà gidi ni, bí ẹnu géètì àgbàlá. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ "ṣé ó ti wọlé?", ẹ má wulẹ̀ fa àgbègbè kankan. Ẹ fa ìlà láti orí ògiri kan dé orí ìkejì, kí ẹ sì ní kó ké nígbà tí ọkọ̀ bá ti ìhà òkun gbà á kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò dún nígbà ìwọlé, ẹ̀ẹ̀kan nígbà ìjáde. Kò sí ọkọ̀ tó ń yí lórí ẹ̀wọ̀n lójú ọ̀nà yẹn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta sọ́fítíwià kì í sọ bí ẹ kò bá bi wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ kan ń wo àmì ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ó wà nínú ààlà báyìí, àbí kò sí? Àwọn mìíràn ń so àmì tó kọjá pọ̀ mọ́ èyí tó dé, wọ́n á wo bóyá ìlà tó so méjèèjì pọ̀ gba ààlà yín kọjá. Bí ẹ bá wà níbi tí ìròyìn ti ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò sí ìyàtọ̀ tó hàn. Ẹ gbé e lọ sójú òkun ẹ ó rí i. Ọkọ̀ tó ń sá ní nọ́ọ̀tì 12, ìyẹn máìlì òkun 12 ní wákàtí kan, ń rin máìlì òkun 1 ní ìṣẹ́jú 5. Bí àmì sátẹ́láìtì bá wá lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, ó ti rin máìlì 12 kí ẹ tó tún gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó ń wo àmì lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ náà gba inú àgbègbè oní-máìlì 3 yín kọjá, ó fò ó bí ìgbà tí ènìyàn fo gọ́tà. Níbi tí sọ́fítíwià yín kò bá ní ìlà, tí ó sì jẹ́ pé àmì lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń wò, ẹ fa onígun púpọ̀ méjì tó fẹ̀, ọ̀kan sí ìhà òkun, ọ̀kan sí inú ọ̀sà. Ọkọ̀ tó kúrò ní àkọ́kọ́ tó sì hàn nínú ìkejì ti wọlé, bó ti wù kí ó gbà á.

Ẹ rántí pé ìlà yìí kò mọ nǹkan kan nípa Lẹ́kkí. Èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní 2023 dojú kọ òkun gbangba, ó ní ògiri ìdènà ìgbì tirẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kò ní sún mọ́ ẹnu ọ̀nà Èkó rárá. Ẹ fa ìlà ìkejì.

Ọ̀nà tóóró

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ fa ipa ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà, ẹ sọ bí yóò ṣe fẹ̀ tó lọ́tùn-ún lósì, ìkìlọ̀ á dún bó bá yà kúrò. Ó dára fún ọkọ̀ tó ń rìn láàárín Èkó àti Cotonou, nǹkan bí máìlì òkun 60, tàbí títí dé Lomé, tó lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Máìlì 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń lò. Bó bá tóóró jù, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yà fún àwọ̀n apẹja ni fóònù yín á dún, ọkọ̀ tó yà fún apẹja sì ń ṣe ohun tó yẹ ni.

Bí ọ̀nà yín bá dé Tema, ẹ ṣọ́ra fún àmì ìyọkúrò (-). Ìlà òdo lọ́ńgítúdì gba ìlú Tema gan-an kọjá. Láti Èkó wá, gbogbo nọ́ńbà yín ń dínkù, 3, 2, 1. Tí ẹ bá ti ré Tema kọjá síhà Accra, àmì ìyọkúrò gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ọ̀nà yín á ṣẹ́rí padà síhà Togo.

Kí ẹ fọwọ́ fà á, kí ẹ tẹ nọ́ńbà, àbí kí ẹ kó fáìlì wọlé?

Bí ẹ bá fi máósì fà á, ojú yín ló ń ṣe ẹlẹ́rìí: ẹ ń rí ibi tó bọ́ sí. Ó tó fún ibùdó ìdákọ̀ró àti etí èbúté. Kò tó fún ohunkóhun tí ẹ máa gbé síwájú ọlọ́pàá omi, adájọ́ tàbí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Nọ́ńbà ló yẹ irú ìyẹn, nọ́ńbà sì ni ọ̀fìn pọ̀ sí jù.

Ẹnu ọ̀nà Èkó wà ní nǹkan bí dígírì 6, mínììtì 24 ní àríwá, àti dígírì 3, mínììtì 24 ní ìlà oòrùn. Mínììtì 60 ló ń ṣe dígírì kan, nítorí náà 6.40 àti 3.40 ni ẹ máa kọ síbi tí wọ́n ti ń fẹ́ dẹ́símà. Ẹni tó bá kánjú á kọ 6.24 àti 3.24. Ìyàtọ̀ 0.16 dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Mínììtì látítúdì kan jẹ́ máìlì òkun 1, nítorí náà máìlì 9.6 ni ààlà náà sún sí gúúsù, ó sì sún tó bẹ́ẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ ń ṣọ́ omi tí kò sẹ́ni tó ń dúró níbẹ̀.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni kí nọ́ńbà méjèèjì pa ipò dà. Àwọn atukọ̀ ń kọ látítúdì ṣáájú. Fáìlì GeoJSON àti KML, tí a fi ń tọ́jú ààlà orí máàpù, ń fi lọ́ńgítúdì ṣáájú. Ní ibòmíràn láyé, bí ẹ bá pa wọ́n dà, ààlà á bọ́ sórí òkè tàbí sínú aginjù, ẹ ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pa 6.4 àti 3.4 dà, ó di 3.4 àríwá, 6.4 ìlà oòrùn: ojú òkun ni, ní gúúsù Brass, níbi tí ọkọ̀ agbépo ń kọjá lójoojúmọ́. Ìkìlọ̀ á máa dún. Ọkọ̀ gidi á máa wọlé, á máa jáde. Ènìyàn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣọ́ omi Bayelsa tó sì gbà pé Èkó ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣí gbogbo fáìlì nínú QGIS, sọ́fítíwià tí a fi ń ya máàpù, kí n tó kó o wọlé, kí n fojú mi rí i lórí àwòrán ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni QGIS.

Ní ti ààlà àwọn orílẹ̀-èdè, ẹ má jókòó máa fọwọ́ fà á. Marine Regions, tí wọ́n ń bójú tó láti Belgium, ń fi fáìlì omi olókun 12, 24 àti 200 máìlì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ kàn wo ọjọ́ fáìlì náà. Ní oṣù kẹsàn-án 2017 ni ilé ẹjọ́ òkun àgbáyé dá ẹjọ́ ààlà òkun láàárín Ghana àti Côte d'Ivoire; fáìlì tó ti wà ṣáájú ìgbà náà kò lè mọ̀ ọ́n. Láàárín Nàìjíríà àti São Tomé náà, àgbègbè kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ń lò lábẹ́ àdéhùn 2001. Ìlà kan ṣoṣo tó dá omi yẹn sí méjì kò sọ gbogbo òtítọ́.

Ibi tí fáìlì ti ṣe mí láǹfààní jù ni ọ̀rọ̀ àwọn apẹja. Òfin ìpẹja ní Nàìjíríà fi máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etí òkun sílẹ̀ fún àwọn apẹja kéékèèké. Tírọ́là, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Láti Badagry dé etí òkun Ìlàjẹ, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń dẹ àwọ̀n lálẹ́, á sọ fún yín ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọ̀n nígbà tí tírọ́là bá gbà á kọjá. Àwọ̀n kan lè jẹ́ gbogbo owó tí ìdílé kan ní. Àgbègbè ìṣọ́ tó bo máìlì 5 yẹn jẹ́ ohun tí ọmọ kan tó ní kọ̀ǹpútà lè ṣe fún abúlé rẹ̀.

Ẹ kó fáìlì etí òkun sínú QGIS, ẹ lo irinṣẹ́ Buffer, tó ń fa àgbègbè yí ìlà ká ní ìwọ̀n tí ẹ bá sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn tẹ 5 sí i, dígírì 5 ló máa gbọ́, ìyẹn máìlì òkun 300: ààlà yín á bo òkun kọjá 200 máìlì, á sì gba orí ilẹ̀ lọ kọjá Ìlọrin. Ẹ kọ́kọ́ gbé fáìlì náà sórí UTM 31N, ètò máàpù tó ń fi mítà wọn nǹkan, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ EPSG:32631, tó bá etí òkun wa láti Badagry dé Ìlàjẹ mu. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ mítà 9,260. Ẹ gé apá tó bọ́ sórí ilẹ̀ kúrò, ẹ dá a padà sí WGS 84, ètò onídígírì, kí ẹ tó fi í pa mọ́.

Ẹ kọ ọdún fáìlì etí òkun náà mọ́ orúkọ àgbègbè yín. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ilé, ó ti gbé títì. Etí òkun tó wà nínú fáìlì àtijọ́ lè jẹ́ ibi tí ìgbì ń wó sí lónìí, máìlì 5 yín á sì máa bẹ̀rẹ̀ láti inú omi. Ọ̀gá tírọ́là tí ẹ bá fẹ̀sùn kàn ló máa kọ́kọ́ rí i.

Inú sọ́fítíwià wo?

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tàbí létí omi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dúró, OpenCPN ni mo máa yàn. Ọ̀fẹ́ ni, orí láptọ́ọ̀pù ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gba ìròyìn tààrà láti inú ẹ̀rọ AIS tiyín. Àfikún ODraw ni ẹ fi ń fa ààlà, àfikún Watchdog ló ń ké. Ó gba sùúrù láti tò ó, àti pé ibi tí áńtẹ́nà yín bá gbọ́ dé nìkan ló mọ̀.

Fún ọ̀rọ̀ tírọ́là, ìkànnì Global Fishing Watch ni. Ó ti wà fún gbogbo ènìyàn láti 2016, ẹ lè kó àgbègbè tiyín sí i, ó sì ń fi ibi tó jọ pé wọ́n ti pẹja hàn. Ọjọ́ díẹ̀ ni ìròyìn rẹ̀ fi ń pẹ́, nítorí náà kò lè ran yín lọ́wọ́ láti lé ẹnikẹ́ni lálẹ́ òní. Ohun tó wúlò fún ni ẹ̀rí: oṣù mẹ́fà, orúkọ ọkọ̀, ìgbà tó wọlé.

Àwọn ìkànnì tí a ń sanwó fún lóṣooṣù, bíi MarineTraffic àti VesselFinder, ni ọ́fíìsì sábà máa ń lò, nítorí pé wọ́n ní áńtẹ́nà tó ń gbọ́ AIS ní èbúté púpọ̀. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń gbà. Kí ẹ tó san án, ẹ bi wọ́n: àgbègbè mélòó ni mo lè fà? Ṣé mo lè kó fáìlì wọlé, ṣé mo sì lè kó o jáde bí mo bá fẹ́ lọ? Ṣé àmì lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ ń wò, àbí ìlà tó so wọ́n pọ̀? Ṣé sátẹ́láìtì wà nínú owó yìí? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta, ẹ ní kó pe ẹni tó kọ ètò náà wá. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ AIS tiyín tí ẹ sì ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí AISHub, ẹ ó máa gba ti àwọn yòókù padà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ràn ètò yẹn. Bí àáró ló rí.

Ìkìlọ̀, àti ẹni tó ń dún sí létí

Ìwọlé àti ìjáde nìkan kò tó. Ohun tó pa ariwo alẹ́ ọjọ́ yẹn lẹ́nu ni kí ìkìlọ̀ dúró díẹ̀ ná: bí ọkọ̀ bá ti wà nínú ààlà fún wákàtí kan, tí eré rẹ̀ kò sì tó nọ́ọ̀tì 1, nígbà náà ni kó ké. Fún ìjáde, mo ń lo ààlà ìkejì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ọkọ̀ tó wà létí má baà máa wọlé máa jáde. Bí mo ṣe to ti Èkó nìyí:

| Ìbéèrè | Àwòrán | Ìgbà tó ń ké | Ibi tó ń lọ |
|---|---|---|---|
| Ṣé ó ti sún mọ́lé? | onígun púpọ̀ ńlá, máìlì 20 sójú òkun | ìwọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré | ímeèlì |
| Ṣé ó ti dákọ̀ró? | onígun púpọ̀ tó tẹ̀ lé ipa ọkọ̀ | lẹ́yìn wákàtí 1, eré kò tó nọ́ọ̀tì 1 | WhatsApp ọ́fíìsì |
| Ṣé ó ti gba ẹnu ọ̀nà? | ìlà láàárín ògiri méjèèjì | ìkọjá láti òkun wá nìkan | fóònù mi, tọ̀sántòru |
| Ṣé ó ti so mọ́ etí? | onígun púpọ̀ kékeré ní Àpápá | lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 láìrìn | ímeèlì |

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo nínú mẹ́rin ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jí mi. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ síbi iṣẹ́ yín.

Àwọn tí máàpù kò rí

Ọkọ̀ onígi àwọn Ìlàjẹ kò ní AIS. Ti àwọn Ègùn ní Badagry kò ní. Tírọ́là tó fẹ́ jalè lè pa tirẹ̀, ọkọ̀ mìíràn sì lè kéde ibi tí kò sí. Nítorí náà, àgbègbè tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe omi tó ṣófo, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lára yín sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé ọ̀nà mọ́ nítorí pé kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin lè wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú àwọ̀n àti fìtílà kan.

Ẹ dán an wò

Lẹ́yìn tí mo tún gbogbo rẹ̀ fà, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sì dúró síbi tí mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkọ̀ akóńténà kan yọ, tọ́ọ̀gì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Imú rẹ̀ gba àárín ògiri méjèèjì, mo wo aago. Ilé ìwakọ̀ rẹ̀ kọjá. Fóònù mi dákẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọlé tán, àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ ti ń sá fún ìgbì rẹ̀, fóònù kò tíì dún. Ìṣẹ́jú 4 lẹ́yìn tí imú rẹ̀ kọjá ló tó dún.

Mo padà dé ilé, mo gbé ìlà náà sún síta ní máìlì òkun kan.